Ọjọ́ wo ni kí n gbé kayak mi lọ sí etí òkun Ìlàjẹ?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà fi kayak oníke kan, ọkọ̀ kékeré tí à ń fi àjẹ̀ tù, ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí èèyàn ń jókòó lé lórí, kì í ṣe èyí tí à ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà. Nígbà ìsinmi Kérésì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé e lọ sí ìhà Ayétòrò, níbi tí omi kò ti jìn, ká máa pààrọ̀ ara wa nínú rẹ̀, ká rọra fi ìwọ̀ dẹ ẹja, ká gbatẹ́gùn, ká sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ omi wẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ wo ló dáa jù, kí la máa gbé dání, ẹja wo la sì máa rí?"

Àbúrò, o rò pé ìbéèrè mẹ́ta lo bi mí, ọ̀kan ṣoṣo ni. Bí o bá mú ọjọ́ àti wákàtí tó tọ́ láti wọ omi, ẹja á wá bá ọ, ẹrù rẹ á sì fúyẹ́. Bí o bá ṣì í mú, kayak Kánádà kò ní lè ṣe nǹkan kan fún ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ará òkè ni ọ́. (Ará òkè là ń pe gbogbo yín nílé wa, ẹni tó ti Àkúrẹ́ wá àti ẹni tó ti Kánò wá, ọ̀kan náà ni yín.) Tí wọ́n bá ní "etí òkun", ẹni tó mọ Èkó á máa rí iyanrìn, igi àgbọn àti àwọn tó ń fi ẹṣin gbé ọmọ kiri. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹrẹ̀ ni. Iyanrìn náà bá etíkun bọ̀ láti ìhà Èkó, àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ló tán, ẹrẹ̀ dúdú sì gba ipò rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ tilẹ̀ mọ apá ibẹ̀ sí etíkun ẹrẹ̀ Màhìn. Ẹrẹ̀ náà kúnná, ó sì ń yọ̀ bí ewédú. Kì í ṣe ẹrẹ̀ tí èèyàn ń ká ṣòkòtò sókè tẹ̀ kọjá. O tẹ̀ ẹ́, ó gbà ọ́ dé orúnkún. Bí o ṣe ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ, tòsì ti wọlẹ̀ dé itan.

Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì tẹ́jú. Ohun tó sọ Ayétòrò di ohun tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn nìyẹn: ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ́wọ́ wọn. Fún ìwọ tó fẹ́ dẹ ẹja, ohun tí ilẹ̀ títẹ́jú túmọ̀ sí ni pé omi tó fà díẹ̀ ń tú ilẹ̀ púpọ̀ síta. Nígbà tó bá tilẹ̀ lágbára jù, láti ibi tí omi fà dé títí dé ibi tó kún dé kì í ju nǹkan bíi mítà kan lọ ní ìhà tiwa. Mítà kan kò tó nǹkan lára ògiri. Lórí ẹrẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní, mítà kan yẹn náà ló máa pinnu bóyá kayak rẹ á máa léfòó, tàbí wàá jókòó sáàárín ẹrẹ̀ bíi lékeléke, tí wàá máa wo omi lókèèrè.

Ó ti ṣe mí rí. Mo ti pẹ́ lókè nígbà yẹn, omi ti ń ṣàjèjì sí mi díẹ̀, ìgbéraga ọmọ Ìlàjẹ ni kò jẹ́ kí n gbà. Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá láti Ìbàdàn lọ sí etí igi ẹ̀gbà, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń na ẹsẹ̀ sókè omi bí alákàn. Ẹja ń jẹ. Mo rí i tí ìlà tútù kan ń hàn lára àwọn gbòǹgbò náà, ó fẹ̀ tó ìka kan, lẹ́yìn náà ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bí sórí omi kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún un: omi ti ń fà. Mo ní ká dẹ ọ̀kan sí i. A dẹ ọ̀kan sí i. Nígbà tí mo ki àjẹ̀ bọ omi láti yí orí ọkọ̀ padà, ẹrẹ̀ ló bá a lọ.

Wákàtí mẹ́fà la lò níbẹ̀. Ọmọ náà ní òun á sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ olójú ńlá tó ń fò lórí ẹrẹ̀ jáde wá ń wò wá bí ẹni wo àlejò. Ìgò omi kan ló kù fún àwa méjèèjì, oòrùn sì wà láàárín orí. Ṣírò rẹ̀ wò: omi ti fà fún wákàtí mẹ́ta kó tó fi wá sílẹ̀, ó ku mẹ́ta kó fà tán, ó sì tún gbọ́dọ̀ fi mẹ́ta kún padà kó tó dé ibi tó ti fi wá sílẹ̀. Ẹni tí ẹrẹ̀ bá mú lójú omi tó ń fà kò ní dúró de ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlọ àti àbọ̀ omi ló máa dúró dè.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o há sórí nìyí. Ní etíkun wa, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán àti òru. Kíkún ń gbà tó wákàtí mẹ́fà, fífà náà bẹ́ẹ̀, ọ̀la sì máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju òní lọ. Tí omi bá kún tán ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀. Wọ orí ẹrẹ̀ nígbà tí omi ti ń kún fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Máa bá a lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Tí ìsàlẹ̀ kayak bá họ ilẹ̀, má ṣe ìyọnu, gbé ọwọ́ lé àjẹ̀, rẹ́rìn-ín, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan omi á gbé ọ. Omi tó ń kún ń dárí jini. Gbàrà tó bá kún tán, tí o rí i pé ewé tó wà lójú omi kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Kí gbòǹgbò ẹ̀gbà tó fi ìlà tútù àkọ́kọ́ hàn, kó o ti wà lẹ́nu odò tó jìn. Má ṣe bíi tèmi.

Ọjọ́ wá ńkọ́? Òṣùpá ló ń mú un, kì í ṣe kàlẹ́ńdà ilé ìwé. Nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, àti nígbà tí kò yọ rárá, omi ń kún jù, ó ń fà jù, ó sì ń sáré. Nígbà tí òṣùpá bá dá sí méjì, ó ń rọra ṣe é. Àwọn apẹja ògbójú fẹ́ràn omi tó ń sáré torí ó ń kó ẹja jọ. Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ìdajì òṣùpá ni tìrẹ, tàbí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì òṣùpá ń wáyé ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ara wọn, torí náà bí ilé ìwé bá ti tì yín fún ọ̀sẹ̀ méjì ó lé, ó kéré tán ọ̀kan máa bọ́ sí i. Nínú àwọn ọjọ́ yẹn, wá èyí tí omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún láàárọ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Kérésì gan-an ló bọ́ sí, kí ìyá rẹ fi ìrẹsì pamọ́ dè ọ́.

Àkókò omi etíkun Èkó wà lórí fóònù, ó wúlò, àmọ́ má fi búra. Bí o bá ṣe wọ inú odò jìnnà sí òkun tó, bẹ́ẹ̀ ni kíkún àti fífà ṣe ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ tó. Ọjọ́ kan ṣáájú, ri igi kan mọ́ etí omi níbi tó o fẹ́ gbà wọlé, fi ọ̀bẹ há a níbi tí omi dé, kó o sì máa wo aago. Lẹ́yìn náà, bi apẹja kan. Tí ohun tí apẹja sọ bá yàtọ̀ sí ti fóònù, ti apẹja ni kó o gbà.

Oṣù Ọ̀pẹ kì í ṣe àkókò búburú. Òjò ti dáwọ́ dúró, òkun kò sì bínú bíi ti Òkúdù sí Ọwẹ́wẹ̀. Ọyẹ́ nìkan ló kù. Ọyẹ́ ń ṣe nǹkan méjì: ó ń fi kùrukùru bo ojú omi láàárọ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú òkun. Èyí èkejì ni kò ṣeé fojú rí. Omi á tẹ́ bíi dígí, o kò ní mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń tì ọ́ lọ títí wàá fi yíjú padà. Bí o kò bá rí igi tó wà ní òdìkejì odò, má ṣí. Tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ láti òkun á gba iṣẹ́, á máa le títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń rẹ ẹni tó ń fi apá tu ọkọ̀. Àárọ̀ ni kó o ṣe é, kó o sì ti kúrò lórí omi kí ọ̀sán tó pọ́n dáadáa.

Ẹnu odò tó já sójú òkun, má kọjá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tó ń wo fídíò máa ń rí òyìnbó tó ń gun ìgbì. Ohun tí ìwọ ń wá wà lẹ́yìn etíkun, nínú àwọn odò kéékèèké tó wọ inú igi ẹ̀gbà, níbi tí omi iyọ̀ àti omi dídùn ti pàdé, tí o sì ń gbọ́ òkun láì rí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kó o bẹ̀rẹ̀ láti Ayétòrò. Igbókọ̀dá ni kó o sọ̀ sí. Ọ̀nà Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa lo máa gbà débẹ̀, ọjà àti èbúté wà níbẹ̀, oúnjẹ àti ibùsùn sì wà. Èyí tó o sọ pé ẹ máa padà lálẹ́ ọjọ́ náà, yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó fẹ́ padà sí Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ni yóò máa bá omi jà. Ẹ sun oorun ọjọ́ méjì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ara yín nínú kayak kan, ìyẹn náà kò bá mi lára mu. Ibo lẹ ti fẹ́ pààrọ̀, lórí ẹrẹ̀? Ẹ háyà apẹja kan pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ jókòó sínú ìyẹn. Ó mọ ibi tí odò jìn sí, ó mọ ẹni tó ni àwọ̀n wo, bí o bá sì dojú dé, òun ni yóò gbé ọ. Ẹ pààrọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti le, ní ẹsẹ̀ pákó èbúté. Má ná owó rẹ̀ bí ẹni ń ná tòmátì; òógùn rẹ̀ lò ń rà. Kó o sì múra sílẹ̀ fún yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọdé á tẹ̀ lé ọ lẹ́bàá omi, wọ́n á ní wá wo ọkọ̀ tí kò ní ikùn.

Kó o tó kúrò ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ kan wà tó ṣe pàtàkì ju ìwọ̀ rírà lọ. Wá òtẹ́ẹ̀lì tó ní ibi ìwẹ̀ omi, bẹ̀ wọ́n, san owó, gbé kayak náà wọ ibẹ̀, kó o sì mọ̀ọ́mọ̀ dojú rẹ̀ dé. Wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó rẹ, di í dáadáa. Yí kayak padà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín rẹ̀, na ọwọ́ kọjá dé etí òdìkejì, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ léfòó lẹ́yìn rẹ, fẹsẹ̀ lu omi bí ọ̀pọ̀lọ́ kó o fi àyà gun un. Dùbúlẹ̀ kó o mí. Lẹ́yìn náà ni kó o yí ìdí rẹ sórí ìjókòó, kó o wá kó ẹsẹ̀ wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ á tì ọ́ lójú. Ṣe é títí wàá fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsinmi púpọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn, ara rẹ ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀yìn ìjókòó. NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ń pariwo rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ èrò, àwọn kan ṣì ń fi í ṣe tìmùtìmù.

Ẹja wàyí. Bí omi bá ti ń gun orí ẹrẹ̀, atọ́kọ́ ni wàá kọ́kọ́ rí, wọ́n á máa fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bí ẹni fi ọ́ ṣẹ̀sín. Fi wọ́n sílẹ̀. Ohun wẹ́wẹ́ tó wà lójú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sábà gbé ìwọ̀, àwọ̀n ló ń mú wọn. Epìyà á wà létí igi, ekòló dáa fún un. Ẹja tí mo fẹ́ kó o tìtorí rẹ̀ lọ ni ọ̀bọ̀kún. Ibi tí ilẹ̀ ti já láti orí ẹrẹ̀ sínú odò tó jìn ló máa ń rìn, nísàlẹ̀ pátápátá. Ra edé tútù ní Igbókọ̀dá láàárọ̀, yọ orí rẹ̀, ki ìwọ̀ bọ̀ ọ́ láti ìrù, so òjé kékeré mọ́ ọn, kó o sì jẹ́ kó lọ títí okùn yóò fi dẹ̀. Di okùn náà mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ọ̀bọ̀kún kì í já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń kàn án, kọ́, kọ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna, lẹ́yìn náà okùn á wúwo, á sì rọra máa lọ. Ìgbà tó ń lọ ni kó o fà á. Tó o bá fà á nígbà tó ń kanlẹ̀kùn, edé nìkan lo máa fi bọ́ ọ.

Lẹ́nu odò tó fẹ̀, croaker wà. Mo mọ àwọn àgbà tó ń ki àjẹ̀ bọ omi, tí wọ́n á fi etí lé orí igi rẹ̀, torí ẹja yẹn ń kùn nínú omi bí ìlù tí wọ́n ń lù nínú yàrá títì. Kayak oníke náà ń gbé ohùn. Bí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, tí o gbọ́ gbù-gbù-gbù lábẹ́ ìdí rẹ, má sá.

Nígbà tí ọ̀bọ̀kún bá dé inú ọkọ̀, ṣọ́ra gan-an. Ó ní ẹ̀gún mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, wọ́n ní eyín bí ayùn, tí inú bá sì bí i ó máa ń na gbogbo rẹ̀ ṣánṣán, kò sì ní ká wọn padà. Nínú kayak, àárín itan rẹ ló máa balẹ̀ sí. Ju aṣọ tútù bò ó, tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, fi pínláyà yọ ìwọ̀. Mo máa ń gbé fúláàsì omi gbígbóná dání, àwọn èèyàn rò pé tíì ni. Bí ẹ̀gún ẹja òkun bá gún ọ, tàbí ìrù ẹja pẹlẹbẹ tó ń sinmi nínú ẹrẹ̀, omi gbígbóná tí ara lè gbà, tí kò ní bó ọ, ló ń dín oró rẹ̀ kù. Ki ibẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí oró kò bá ṣẹlẹ̀, mu tíì rẹ.

Ìdákọ̀ró onírin, fi í sílé. Gé ọparun tó gùn ju ìwọ lọ, gbẹ́ ìdí rẹ̀ kó mú, òun ni wàá rì mọ́ ẹrẹ̀ tó o bá fẹ́ dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n wo ibi tó o máa so ó mọ́: imú kayak tàbí ìrù rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ láé. Tí wọ́n bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, omi tó ń ṣàn á gba ìhà kejì, á tẹ etí kan wọlẹ̀, ìgbà tó o bá sì na ọwọ́ sí okùn láti tú u, ìwúwo rẹ gan-an ló máa parí iṣẹ́ náà. Lo kókó tí o fà lẹ́ẹ̀kan tí ó tú. Ọ̀bẹ kan kó wà lára jákẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọwọ́ rẹ máa dé lójú òkùnkùn.

Ìyókù kò pọ̀. Omi mímu lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fìlà akẹtẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn, fèrè tó ń dún, fóònù nínú àpò tí omi kì í wọ̀. So àjẹ̀ mọ́ kayak. Ibi tó o bá ti rí jẹ́ríkáànù tàbí fóòmù tó tò sórí ìlà, tó ń léfòó, àwọ̀n ẹnì kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, yípo rẹ̀. Ọkọ̀ onímọ́tò bá ń bọ̀, kọ imú kayak sí ìgbì rẹ̀, má jẹ́ kó bá ọ ní ìbú. Bí ẹrẹ̀ bá mú ọ láìka gbogbo ohun tí mo sọ sí, jókòó, da aṣọ borí, máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí o bá sì ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀, má dìde dúró: dùbúlẹ̀ lórí ikùn, na apá méjèèjì, di kayak mú kó o wọ́ ara rẹ padà sórí rẹ̀ bí aláǹgbá.

Mú ọjọ́ méjì tó o rò pé ó bá òṣùpá mu, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó sanwó ibùsùn ní Igbókọ̀dá. Màá bi àbúrò mi tó ṣì ń dẹ ẹja níbẹ̀ ìgbà tí omi máa bẹ̀rẹ̀ sí í kún láàárọ̀ ọjọ́ náà.